Ẹní Irun Àgùntàn Ìyá Burulcha àti Ẹ̀rọ Tí Kò Gbọ́ Nǹkan Kan

Ìyá Burulcha kú ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ìwé tí ilé ìwòsàn kọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ sọ pé òtútù àyà ló pa á. N kò ní bá dókítà jiyàn, òtútù àyà ni lóòótọ́. Àmọ́ kí ló gbé arúgbó jókòó sínú àgbàlá nínú oṣù Kìíní àti oṣù Kejì, tí yìnyín ń bọ́ lé e lórí, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ní Ọjọ́bọ̀ márùn-ún léraléra? Ìyẹn kò sí nínú ìwé ilé ìwòsàn. Òun ni mo jókòó láti kọ lónìí, kí ẹ̀yin tí ẹ máa ń ka ojú ewé mi yìí forí jì mí bí ohùn mi bá le.

Ó ń dúró de àwọn tó ń wọn ariwo ni. Àwọn aláṣẹ pápákọ̀ òfurufú ìlú wa ló sọ fún un pé wọ́n ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní àdúgbò wa, Terek-Ayak? Láti ogójì ọdún, kò sí ìyàwó tó wọ àdúgbò wa tí kò jókòó lórí shirdak tó ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ẹní irun àgùntàn tó nípọn tó ìka ọwọ́, tó gé àwòrán ìwo àgbò sí lára ní pupa àti dúdú. Á tẹ́ irun sórí ẹní koríko, á da omi gbígbóná lé e, á ká a, á wá fi apá méjèèjì máa yí i títí irun á fi dì mọ́ra. Nígbà tí màmá mi kú, ó gbé ọ̀kan wá, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún àwọn tó wá bá wa kẹ́dùn, kò sì béèrè rẹ̀ mọ́ láéláé. Orí rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ eléyìí.

Ẹnu rẹ̀ mú. Bó bá rí mi pẹ̀lú ìwé ìròyìn lábẹ́ abíyá, á ní, “Akọ̀wé, ta lo tún bú lónìí? Ṣé ó ti gbọ́?” Bí mo bá ní rárá, á ní, “Ó dáa, wá mu tíì nígbà yẹn, ohùn ẹ ti ha.”

Nígbà tí mo wà ní kékeré, bàálù kékeré kan ló máa ń wá sí ìlú wa, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, a sì máa ń sáré jáde lọ juwọ́ sí i. Ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ni jẹ́ẹ̀tì dé. Méjìlá lójúmọ́ ni wọ́n báyìí. Orí òrùlé Ìyá Burulcha ni wọ́n ń gbà sọ̀kalẹ̀, wọ́n sì máa ń súnmọ́lẹ̀ débi pé èèyàn lè ka táyà ẹsẹ̀ wọn. Tíì á máa gbọ̀n nínú abọ́. Àwọn aláṣẹ wá ní àwọn fẹ́ fa ojú ọ̀nà bàálù gùn títí á fi dé ìdí ògiri wa, kí jẹ́ẹ̀tì lè di ogójì lójúmọ́. Ìlọsíwájú ni wọ́n pè é. Ìlọsíwájú ta ni? Nínú gbogbo ilé tó wà ní àdúgbò wa, èèyàn mélòó ló ti wọ jẹ́ẹ̀tì rí?

Ìyá Burulcha ní ọmọ ọmọ kan, Begimai, ọmọ ọdún mẹ́rin, tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Jipar, ìyá ọmọ náà. Abẹ́ jẹ́ẹ̀tì ni wọ́n bí ọmọ náà sí, abẹ́ rẹ̀ ló ti kọ́ ọ̀rọ̀ sísọ, nítorí náà igbe ló fi ń sọ gbogbo ọ̀rọ̀. Bó bá fẹ́ omi, igbe. Bó bá fẹ́ kí wọ́n gbé òun, igbe. Kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí èèyàn létí.

“Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìyá ìyá mi sọ sí mi létí, mo fẹ́ sọ wọ́n sí ọmọ yìí létí kí n tó kú,” ni ìyá náà sọ fún mi lọ́jọ́ kan. “Àmọ́ tí mo bá ti súnmọ́ ọn báyìí, á ní, KÍ LẸ WÍ? Gbogbo àdúgbò á wá bá wa gbọ́ àṣírí.”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò tètè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹkún ló ń sọ. Ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ nìyẹn: kí ariwo rọlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ kékeré á fi gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá àgbà rẹ̀.

A kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ pápákọ̀, a kọ̀wé. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún tó kọjá, wọ́n dá wa lóhùn pé àwọn ń rán èèyàn wá wọn ariwo náà, pé ilé Ìyá Burulcha ni wọ́n á ti wọ̀n ọ́n nítorí òun ló súnmọ́ ojú ọ̀nà bàálù jù. Inú wa dùn kọjá ààlà. A pa àgùntàn. Àwọn mẹ́ta ló wá, Ọ̀gbẹ́ni Tologonov ni ọ̀gá wọn, ọkùnrin oníjákẹ́ẹ̀tì awọ tí ojú rẹ̀ tutù. Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé wá ní ẹsẹ̀ mẹ́ta.

“Ìyá, ibo ni ká gbé e sí?” ni ọ̀gá náà béèrè.

“Ibo lẹ tún fẹ́ gbé e sí, ọmọ mi? Ṣé kí wọ́n máa sọ pé àlejò Burulcha dúró síta ni? Ẹ wọlé, ẹ wọlé.” Ó yíjú sí mi. “Akọ̀wé, o kàn ń wò? Gba ẹrù lọ́wọ́ àlejò!”

Èmi ni mo gbé e wọlé. Mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ọwọ́ mi kò mọ́. Mo gbé ẹ̀rọ tó fẹ́ gbọ́ ariwo wọ yàrá àlejò, mo sì gbé e síbi tó jìnnà sí ẹnu ọ̀nà jù lọ, níbi tí à ń fi àgbà àlejò jókòó sí. Shirdak bo ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yàrá náà. Shirdak wà nílẹ̀ ní ìpele mẹ́ta. Tìmùtìmù kún ẹ̀gbẹ́ kan dé àjà, a sì ti fèrèsé nítorí afẹ́fẹ́. Ìyá Burulcha wo ẹ̀rọ náà tó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ó ní, “Èyí náà ti rin ọ̀nà jíjìn,” ló bá ká ẹní tuntun kan sábẹ́ rẹ̀. Ẹ bi ara yín, ta ni nínú wa tí ìbá ṣe ohun mìíràn?

A gbé orí àgùntàn fún Ọ̀gbẹ́ni Tologonov, bí a ṣe máa ń ṣe fún àgbà àlejò. Ó gé etí rẹ̀ kan fún dẹ́rẹ́bà rẹ̀, ó ní, “Gbà, kí o lè máa gbọ́ràn.” A rẹ́rìn-ín gan-an. Jẹ́ẹ̀tì kan kọjá lórí wa, tíì gbọ̀n, dẹ́rẹ́bà náà sì tẹ orí ba.

“Ìyá, ṣé bó ṣe máa ń ṣe rèé?” ni dẹ́rẹ́bà náà béèrè.

“Ẹ má dá a lóhùn jàre, ẹ jẹun. Ẹran ń tutù.”

Lọ́dọ̀ wa, èèyàn kì í ro ẹjọ́ fún àlejò tí oúnjẹ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ó di ìgbà tó bá yó, tó bá ṣàdúrà tán. Ìyá Burulcha ti ṣètò ọ̀rọ̀ rẹ̀. Jipar bá a kọ ọ́ sínú ìwé, ó wà nínú àpò épírọ́ọ̀nù rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Tologonov tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó ní kí Ọlọ́run fi ìdákẹ́jẹ́ sínú ilé yìí, ó fi ọwọ́ nu ojú, a ṣe àmín. Kí ìyá náà tó ti ọwọ́ bọ àpò, ọ̀gá ti wo aago, ó ti dìde. Ó ní àwọn fẹ́ lọ bá bàálù.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa. Ọkùnrin tí iṣẹ́ rẹ̀ láti ogún ọdún jẹ́ ariwo wíwọ̀n, ṣé kò mọ̀ pé ìta ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n ni? Ṣé kò rí ẹní lára ògiri? Arúgbó tí kò kàwé lè ṣe àṣìṣe nítorí àlejò. Àṣìṣe wo ni ẹni tó kàwé ṣe? Ó mọ̀. Ó jẹ ẹran wa, ó mu tíì wa, ó sì jẹ́ kí ìyá arúgbó fi ọwọ́ ara rẹ̀ di ẹ̀rọ náà létí.

Nínú oṣù Kejìlá, wọ́n ka àbájáde rẹ̀ fún wa níbi ìpàdé àdúgbò. Ẹ̀dà rẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Ó ní ariwo tó wọ ilé náà kò kọjá ohun tí òfin gbà. Ó tún ní: “Onílé gbà wá tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ó ń rẹ́rìn-ín, a kò sì rí àmì ìnira kankan lára rẹ̀.” Èyí ni wọ́n gùn lé tí wọ́n fi fọwọ́ sí ojú ọ̀nà bàálù tuntun. Wọ́n kọ ẹ̀rín onílé sílẹ̀ bí ẹ̀rí, wọ́n sì fi ta gbogbo àdúgbò.

Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Ìyá, ẹ ti fi ẹran bíbọ̀ pa wá!” Mi ò ní dárúkọ rẹ̀, ó ti sunkún tó níbi ìsìnkú. Ìyá Burulcha dìde, ó lọ sílé. Nígbà tí mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, mo bá a lórí àga, ó ń já àwọn shirdak kúrò lára ògiri.

“Ìyá, kí lẹ ń ṣe yìí? Ṣé ẹ ò rí i pé òtútù ti dé ni?”

“Àwọn ẹní yìí ló gbé ariwo mì. Èmi ni mo sì fọwọ́ ara mi ṣe wọ́n.”

“Èmi ni mo gbé ẹ̀rọ wọlé.”

“Mo ní kí o gbé e lo fi gbé e. Má gba ẹ̀ṣẹ̀ mi mọ́ mi lọ́wọ́, tìẹ tó ẹ.”

Ó ká gbogbo rẹ̀, ó fi okùn dì í. Ògiri wà ní ìhòòhò, òtútù ń gba ibẹ̀ wọlé. Ó lọ sí ọ́fíìsì pápákọ̀ lẹ́ẹ̀mẹsàn-án láti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá tún un wọ̀n nínú àgbàlá. Níkẹyìn, ọmọbìnrin tó jókòó sí ojú fèrèsé sọ fún un pé, “Ìyá, ẹ lọ dúró sílé, wọ́n ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀.”

“Ọjọ́bọ̀ wo, ọmọ mi?”

“Ọjọ́bọ̀ ni mo wí, Ìyá.”

Ó padà sílé, ó gbé àga onígi kan sí àárín àgbàlá fún ẹ̀rọ náà, ó sì gbé àpótí ìjókòó tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, á gbá yìnyín kúrò lórí àga, á jókòó tì í. Jipar bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní kó máa wo ojú ọ̀nà láti fèrèsé, pé bí wọ́n bá dé a ó pè é.

“Tí wọ́n bá bá mi nínú ilé, màá ní kí wọ́n wọlé,” ló wí. “Mo mọ ara mi.”

Ẹ gbọ́ ohun tó wí. Ìyá yìí ń sá fún ìwà ọmọlúàbí ara rẹ̀ nínú òtútù, nítorí àwọn kan ti fi ìwà náà pa á lẹ́nu mọ́. Ọjọ́bọ̀ márùn-ún ló jókòó. Kò sí ẹni tó wá, kò sí ẹni tó fóònù. Lẹ́yìn ìkarùn-ún ló bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

Nínú àgbàlá yẹn náà la pa àgọ́ òkú sí. A tú okùn ara àwọn shirdak, a tẹ́ wọn sábẹ́ ìyá náà, a fi wọ́n yí i ká. Àwọn obìnrin ń sun arò nínú àgọ́, àwa ọkùnrin tò síta. Nígbà tí a kírun sí i lára tán, Samat ọmọkùnrin rẹ̀ bọ́ síwájú, ó bi wá ní ìbéèrè tí a máa ń bi ara wa nípa olóògbé: “Ẹ̀yin èèyàn, irú èèyàn wo ni ìyá mi?” Ìdáhùn wa ni ẹ̀rí tó máa bá a lọ. A la ẹnu. Jẹ́ẹ̀tì ọ̀sán dé.

Ó kọjá lórí òkú náà bó ṣe máa ń kọjá lórí tíì. Mo rí ẹnu ọgọ́rùn-ún ọkùnrin tó ń mì, mi ò gbọ́ ohùn ẹnì kan. Samat tún un bi, mi ò gbọ́ òun náà. Ìgbà náà ni ohùn kan là á já láti ẹnu ọ̀nà àgọ́, níbi tí Jipar ti gbé Begimai dání: “ÈÈYÀN DÁADÁA NI ÌYÁ ÀGBÀ MI! ÈÈYÀN DÁADÁA NI!”

Gbogbo wa ló gbọ́ ọ. Ọmọ tí kò gbọ́ àṣírí kankan lẹ́nu ìyá náà ni ohùn rẹ̀ jẹ́rìí fún un. Mo bo ojú mi, mo sunkún bí ọmọdé, ojú kò sì tì mí.

Ní ọjọ́ kẹta, lẹ́tà dé láti pápákọ̀, orúkọ Ìyá Burulcha ló wà lára rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò rí ìdí láti tún ariwo wọ̀n, nítorí onílé fi ìtẹ́lọ́rùn hàn nígbà àkọ́kọ́.

Ọ̀gbẹ́ni Tologonov, onílé ti kú. Kò lè rẹ́rìn-ín mọ́ fún yín. A fẹ́ kí ẹ fi orúkọ yín, kì í ṣe orúkọ ọ́fíìsì, sábẹ́ ìwé tó sọ pé irọ́ ni àbájáde yẹn, kí ẹ sì yọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rẹ̀ kúrò níbẹ̀. A fẹ́ mọ ẹni tó ní kí wọ́n máa dá ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní wá fún arúgbó. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ṣọ́bìrì gbẹ́lẹ̀ nídìí ògiri wa títí ariwo náà á fi di wíwọ̀n níta, lójú gbogbo wa, lọ́jọ́ tí jẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́.

Àga náà ṣì wà ní àárín àgbàlá. Jipar ti gbá yìnyín kúrò lórí rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀rọ yín wá ní Ọjọ́bọ̀, ẹ ó bá gbogbo àdúgbò níta. Bí òtútù bá mú yín, ẹ fara dà á. Kò sí ẹni tó máa ní kí ẹ wọlé, a ò sì ní fún yín ní tíì.