Ìgbọ̀nwọ́ Tó Pa Dípọ̀

Ní òwúrọ̀ Sátidé tó kọjá, àwọn ọmọ aládùúgbò mi ní Bowie, ní Amẹ́ríkà níbí, ń fi ìkúùkù gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ilẹ̀kùn gáréèjì. Ìró yẹn, gbì, gbì, ló mú mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, tí mo sì rántí Dípọ̀, ọ̀rẹ́ mi, ẹni tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀, tí wọ́n sì pa irọ́ mọ́ ikú rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀rúndún yìí ṣì kéré, tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, àwọn ará Írẹ́lándì kan ní ẹgbẹ́ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn ní pápá kan nítòsí wa. Wọ́n ń fi ọwọ́ hán an, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n sì ń fi ìkúùkù lù ú. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ń padà sí Írẹ́lándì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹgbẹ́ sì ń dín kù, ni wọ́n bá pè wá mọ́ra. Èmi mọ eré sá, ṣùgbọ́n Dípọ̀ a máa fò bí ẹni pé ilẹ̀ ń gbóná mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ wá wò wá lẹ́ẹ̀kan.

"Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a ni? Ta ló gé wọn lẹ́sẹ̀?"

Dípọ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Kóòṣì wa jẹ́ àgbàlagbà onírun funfun. Dípọ̀ kì í kọjá níwájú rẹ̀ láìtẹríba. Kóòṣì fẹ́ràn èyí gidigidi. Ó sì máa ń ní kí àwọn yòókù wo ọmọ tí a kọ́ nílé. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé ohunkóhun tí òun bá bi Dípọ̀, "Yẹ́sà" ni ìdáhùn. Wọn kò kọ́ wa ní "rárá" fún àgbà.

Lọ́jọ́ tí a ń bá ẹgbẹ́ àlejò kan díje, ìgbọ̀nwọ́ ẹnìkan ba Dípọ̀ ní ẹ̀bátí. Nígbà ìsinmi, ó bì. Ó pè mí ní orúkọ àbúrò rẹ̀. Mo sọ fún kóòṣì pé ara rẹ̀ kò yá. Kóòṣì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó lójú.

"Ṣé o lè padà wọlé, ọmọ mi?"

Dípọ̀ tẹríba. "Yẹ́sà."

Ó padà wọlé. Kò pẹ́, ó wó lulẹ̀ láàárín pápá láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Kò dìde mọ́.

Dókítà sọ ọ́ létí mi fún àwọn òbí rẹ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló dà sínú ọpọlọ. Ṣùgbọ́n níbi ìsìnkú, aṣojú ẹgbẹ́ náà dúró níwájú ìjọ, ó ní àìsàn ọkàn tí a bí mọ́ ọn ni. Kóòṣì jókòó, ó ń mi orí bí ẹni pé òótọ́ ni. Mo fẹ́ dìde. Bàbá Dípọ̀ gbá apá mi mú.

"Jókòó. Ìwé ìgbélùú wa kò tíì jáde. Ta la fẹ́ gbé lọ sílé ẹjọ́?"

Ẹgbẹ́ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ ìwé yìí ni kò jẹ́ kí Dípọ̀ bá wa díje ní Kánádà. Ẹni tí kò lè fọhùn ni wọ́n pa irọ́ mọ́.

Ohun púpọ̀ ti yí padà. Lónìí, ẹni tí nǹkan bá gbá lórí, wọn kì í bi í léèrè mọ́. Wọ́n á yọ ọ́ kúrò lórí pápá ni. Ìwé ìgbélùú ìdílé Dípọ̀ jáde nígbẹ̀yìn. Ẹgbẹ́ náà túká, kóòṣì sì padà sí ilẹ̀ rẹ̀, ó kú lórí ibùsùn. Irọ́ wọn nìkan ni kò kú. Bí ẹnìkan bá bi ìyá Dípọ̀ ní ohun tó pa ọmọ rẹ̀, á ní ọkàn ni. Ó ti sọ ọ́ pẹ́ débi pé ó gbà á gbọ́, ó sì ń rò báyìí pé inú òun ni ọmọ ti gbé àìsàn náà wá.

Mọ́mì Dípọ̀, kò sí ohun tó ṣe inú yín. Ìgbọ̀nwọ́ ni, àti àgbà tó rí èébì lẹ́nu ọmọ, tó sì dá a padà sí pápá.