Ẹ Yọ Orúkọ Bàbá Mi Kúrò Nínú Lẹ́tà Yẹn

Bàbá mi, ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Kejì ni ẹ kú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹpù kejì ní ilé omi ẹ̀gbin ìlú wa, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́ yín. Àkísà tí ẹ ń fà yọ lẹ́nu rẹ̀ kò tíì jáde tán. Dókítà ní ọkàn yín ló dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin tó ń dá nìkan fa àkísà nínú yìnyín, kí ni kí ọkàn rẹ̀ ṣe? Búrẹ́dì ẹlẹ́ran tí mo dì fún yín láàárọ̀ ṣì wà nínú agolo oúnjẹ yín. Ẹ ti jẹ ẹyọ kan. Mo dúpẹ́ pé ẹ jẹ ẹyọ kan.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí a sin yín ni lẹ́tà dé láti olú-ìlú ìpínlẹ̀. Ẹ̀yin ni wọ́n kọ ọ́ sí. Wọ́n ní Delmer Cogar, ẹni tí ilé tí a ti ń fọ omi ẹ̀gbin ìlú Pickett Run wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, kò fi ìròyìn oṣù Kejì ránṣẹ́, ó sì jẹ́ kí ẹ̀gbin ṣàn sínú odò. Wọ́n ní ó ti rú òfin. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n lẹ fi ṣe iṣẹ́ yẹn láìrú òfin kankan. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn ikú yín ni ẹ̀gbin kún àkúnwọ́sílẹ̀, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tan pọ́ǹpù yẹn. Ṣé inú pósí ló yẹ kí ẹ ti dìde wá tan án?

Mi ò mọ àdírẹ́sì ibi tí ẹ wà. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ èyí sínú ìwé ìròyìn ìlú wa, kí àwọn tí mo mọ àdírẹ́sì wọn lè bá yín kà á.

Ẹ rántí ìrọ̀lẹ́ tí a gbọ́ lórí rédíò pé àwọn aṣòfin ti ṣe òfin owó àyálò. Ìpínlẹ̀ máa kó owó ará ìlú jọ sójú kan, àwọn ìlú kéékèèké á máa yá a tún ilé omi wọn ṣe, wọ́n á san án padà díẹ̀díẹ̀, ìlú mìíràn á sì tún yá a. Ẹ gbá tábìlì títí ẹ̀wà fi dànù. Ẹ ní, "Twila, wọ́n ti rántí ìyá arúgbó o." Ilé omi yẹn ni ẹ ń pè ní ìyá arúgbó. Bí pọ́ǹpù bá ń dún, ẹ á ní ìyá arúgbó ní ikọ́ lónìí.

Àmọ́ orí ìlà ni wọ́n ń to àwọn ìlú sí, máàkì ló sì ń gbé ni síwájú. Tí odò ìlú kan bá bàjẹ́, máàkì. Tí wọ́n bá ti fi ẹ̀sùn kan ìlú náà, máàkì. Àwa kò ní ọ̀kankan, nítorí pé ẹ ń fi irin katakata àtijọ́ rọ ohun tó bá ṣẹ́. Ọdún mẹ́fà ni a fi wà nísàlẹ̀ ìlà. Ìlú tó bá ń rùn nìkan ni òfin yẹn ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Hatcher wá láti ọ́fíìsì ìpínlẹ̀. Ẹ gbé ìgò yín kalẹ̀ níwájú rẹ̀, èyí tí ẹ máa ń bu omi tí ẹ bá fọ̀ tán sí ní gbogbo ọjọ́ Ajé, ẹ fi ìwé ìròyìn sẹ́yìn ìgò náà, ẹ ní kó kà á láti inú omi náà. Ó kà á láìṣìṣe. Ó wá ní iṣẹ́ yín dára jù, pé dídára yẹn gan-an ló ń pa ìlú yín lára. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe ẹ̀rín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí Dreama Sizemore, alága ìlú wa, wá sí ìdáná wa ńkọ́? Ó ń fi ṣíbí ro kọfí tó ti tutù.

"Delmer, oṣù kan péré. Ṣáà fi í sílẹ̀ kó ṣàn díẹ̀. A máa rí máàkì."

"Inú odò yẹn kọ́ ni àwọn ọmọ-ọmọ rẹ ń wẹ̀? Ṣé kí n wá fi ìgbẹ́ wẹ̀ wọ́n torí máàkì?"

"Mo kàn ń ṣeré ni jàre."

"Mo mọ̀. Èmi ò ṣeré."

Dreama, ṣebí ọjọ́ yẹn náà lo ṣèlérí pé wàá wá ẹnìkejì tó máa ran bàbá mi lọ́wọ́. Ẹnìkejì náà dà?

Bàbá, a ti rí máàkì o. Ikú yín ló fún wa. Ìròyìn tí kò dé, ẹ̀gbin tó ṣàn, lẹ́tà tó ní orúkọ yín nínú, wọ́n kó gbogbo rẹ̀ jọ, a sì di ìkẹta lórí ìlà. Wọ́n ti fọwọ́ sí owó náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yìí, aṣòfin wa ń bọ̀ wá fi ṣọ́bìrì tí kò tíì kan iyẹ̀pẹ̀ rí gbẹ́ ilẹ̀ ilé omi tuntun. Mo ti rí pátákó irin tí wọ́n fẹ́ kàn mọ́ ọn. Orúkọ mẹ́sàn-án ló wà lórí rẹ̀. Tiyín kò sí níbẹ̀. Inú lẹ́tà ẹ̀sùn nìkan ni ìpínlẹ̀ ti rí àyè kọ orúkọ yín sí.

Ọ̀gbẹ́ni Hatcher, ẹni tó fọwọ́ sí lẹ́tà yẹn ní ọ́fíìsì yín ni kó fọwọ́ ara rẹ̀ fagi lé orúkọ bàbá mi, kí ọjọ́ Àbámẹ́ta tó pé. Ẹ̀yin aṣòfin, ẹ tún òfin yẹn ṣe, kí tánkì tó ti gbó àti òṣìṣẹ́ tó dá wà náà ní máàkì, kí ìlú mìíràn má baà fi òkú ènìyàn ra ipò lórí ìlà.

Omi tí ẹ bu ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ tó ṣáájú ikú yín, ṣì wà nínú ìgò lójú fèrèsé. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, màá gbé ìgò náà sórí tábìlì wọn, màá fi lẹ́tà wọn sẹ́yìn rẹ̀. Kí aṣòfin náà ka orúkọ yín sókè láti inú omi yẹn, kí gbogbo ìlú gbọ́. Lẹ́yìn náà, kó sọ fún wa ẹni tó rú òfin.