Ọ̀sán tí Wọ́n Ti Agbábọ́ọ̀lù Wọn Mọ́lé

Òórùn ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àti ti bọ̀lì tí wọ́n ń sun lórí iná ló máa ń kọ́kọ́ padà sí mi nímú, kí n tó rántí ojú ẹnikẹ́ni. Yàrá kan ni, lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò ní Mile One, Diobu. Irin wà lójú fèrèsé rẹ̀. Àgádágodo wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ìta ni wọ́n sì ti tì í.

Ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn wa ní Ìbàdàn ló rán mi lọ sí Port Harcourt láyé ìjọba ológun ìgbà náà, nígbà tí àwọn èèyàn ń tò nítorí ṣúgà àti mílíìkì. Akọ̀ròyìn tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ni mí, ṣùgbọ́n mo ti gbà lọ́kàn mi pé kò sí ohun tí n kò mọ̀ nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kan wà nílùú náà tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ńláńlá ní Trans-Amadi àti àwọn oníṣòwò Diobu ń tẹ̀lé kiri. Ẹni tí wọ́n fẹ́ràn jù níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń gbá bọ́ọ̀lù lápá òsì. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ti fẹ̀yìn tì, tó sì ti padà sílé. Port Harcourt ni wọ́n bí òun sí ní tirẹ̀, Pijin sì já gaara lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ.

Ọjọ́ kan wà lọ́dọọdún tó jẹ́ òpin àkókò tí agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ bá ti parí lè fi lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ sí ọ́fíìsì àjọ bọ́ọ̀lù, tí yóò fọwọ́ síwèé lójú akọ̀wé. Bí aago mẹ́rin bá lù tí kò bá dé ibẹ̀, ẹgbẹ́ àtijọ́ ló ni ín di ọdún tó ń bọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù fi dá àṣà kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kámpù. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹgbẹ́ mìíràn ń wá ọmọ wọn, wọn á lọ gbé e nílé láàárọ̀ ọjọ́ náà, wọn á fi pamọ́ sílé ọ̀kan nínú wọn, wọn á máa kẹ́ ẹ títí ọ́fíìsì á fi tì. N kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ìjínigbé. Àwọn ìyá agbábọ́ọ̀lù mìíràn tilẹ̀ máa ń dúpẹ́ pé wọ́n ka ọmọ àwọn sí.

Lọ́dún yẹn, ẹgbẹ́ kan láti Ìbàdàn rán aṣojú wá. Láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Alága àwọn alátìlẹ́yìn, ọmọ Ikwerre, onílẹ̀ ibẹ̀, tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yà ara mọ́tò yẹn, ní kí wọ́n wá pè mí. Ó fẹ́ kí n wá fojú ara mi rí i pé inú ọmọ náà dùn, kí n sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé mo ṣoríire. Èmi nìkan ni akọ̀ròyìn tí wọ́n máa jẹ́ kó wọlé! Ìgbà tí mo gbọ́ tí àgádágodo dún lẹ́yìn mi ni mo tó rántí béèrè ìgbà tí mo máa jáde.

“When four o'clock reach,” ni Alága dá mi lóhùn láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. “Oga press, abeg no vex.”

Ọmọkùnrin náà jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, bàtà rẹ̀ ń dán. Ìmúra ọ́fíìsì ló ṣe kí wọ́n tó lọ gbé e. Fáànù tuntun wà níwájú rẹ̀, wọn kò tíì bó ọ̀rá ara rẹ̀ tán. Ìyàwó Alága ti gbé bọ̀lì àti ẹja sísun wá, pẹ̀lú ata tó ń ta sánsán, ẹja náà sì tóbi ju èyí tí wọ́n gbé fún Alága fúnra rẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin náà kò fọwọ́ kàn án.

Pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ ló pín yàrá náà níyà pẹ̀lú pálọ̀ tí àwọn alátìlẹ́yìn kún sí, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ tí a kò gbọ́. Wélídà kan láti Trans-Amadi, tí ohùn rẹ̀ ti há láti ọjọ́ ìdíje tó kọjá, ní ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ níbí, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n máa fi sí n'Íbàdàn, á máa gbé omi fún àwọn gbajúmọ̀. Ẹlòmíràn ní ẹni tó bá jókòó ti gbajúmọ̀ náà á kọ́ nǹkan, ó sàn ju ẹni tó di ọ̀gá láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gbá. Wọ́n jiyàn bóyá àwọn tó ń yan ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè tilẹ̀ mọ ọ̀nà Port Harcourt. Alága béèrè ẹni tó ra bàtà bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ fún ọmọ náà, àti ẹni tó gbé e sẹ́yìn lọ sọ́síbítù nígbà tí ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀.

“Chairman, marry am,” ni ẹnì kan sọ, “make we chop rice.” Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mò ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ tayọ̀tayọ̀, mo sì ti ń wò ó pé á kún ojú ìwé kan. Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹni tí wọ́n ń jiyàn lé lórí ti fi orí ti ògiri, ó ti dijú.

“Bọ̀dá,” ó ní, “ṣé ẹ gbọ́ wọn? Wọ́n fẹ́ràn mi gan-an. I no fit even vex.”

Mo bi í léèrè ohun tó ń wá lọ sí Ìbàdàn. Mo retí pé kó sọ ti òkìkí, tàbí ti ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè, kí n lè fi ṣe àkọlé. Ó ní nígbà tí bàbá òun wà ní Port Harcourt, kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù sétí. Ìwé ló fẹ́ kí òun kà. Ìgbà tó padà sílé ló tó gbọ́ orúkọ ọmọ rẹ̀ lórí rédíò. “Ó wá fẹ́ wò mí báyìí. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń lọ. Small small, ó ń lọ. Tí mo bá wà n'Íbàdàn, wọ́n lè mú un wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó ṣú pátápátá.”

Mo bi í bóyá ó ti sọ fún wọn.

“Wọn ò bi mí.”

Òòrùn ti yí kọjá fèrèsé nígbà tí ìyàwó Alága wá kó abọ́, tó rí oúnjẹ náà bó ṣe gbé e sílẹ̀. Ó padà sí pálọ̀, a sì gbọ́ ohùn rẹ̀. “Since morning una dey talk,” ó ní. “Who don ask am?”

Alága súnmọ́ pátákó náà, ó sì bi ọmọ náà léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ fẹ́. Ọmọkùnrin náà dìde dúró bí ẹni tí tíṣà pè ní kíláàsì. Ó ní òun fẹ́ lọ, ó sì sọ ti ojú bàbá rẹ̀ fún wọn ní Pijin, ní ṣókí. Kò bẹ̀ wọ́n.

Kóòṣì àwọn ọmọdé, àgbàlagbà tó ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun ló rí ọmọ náà he nígbà tó ń fi ẹsẹ̀ lásán gbá ọsàn. Ó ní bí àwọn ìyá bá gbọ́ pé ẹni tó bá mọ bọ́ọ̀lù gbá nínú ẹgbẹ́ yìí, ilẹ̀kùn ni wọ́n ń tì mọ́ ọn, ta ló tún máa fi ọmọ ránṣẹ́ sí òun? Kò pẹ́ tí wọ́n fi gbà, gbogbo wọn, pé kó máa lọ.

Mo palẹ̀ bírò mi mọ́. Ọmọkùnrin náà fọwọ́ nu bàtà rẹ̀. A dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, à ń retí àgádágodo.

Ṣùgbọ́n wọ́n tún bẹ̀rẹ̀. Ẹnì kan ní kò yẹ kó lọ láìdágbére fáwọn èèyàn ní pápá. Ẹnì kan ní kó jẹ́jẹ̀ẹ́ pé òun ò ní wọ aṣọ ẹgbẹ́ tí àwọn jọ ń bára wọn díje láéláé. Wọ́n jiyàn lórí mọ́tò ta ni yóò gbé e, ta ni yóò jókòó níwájú, kí aṣojú ará Ìbàdàn lè mọ̀ pé ọmọ tó níyì làwọn ń fà kalẹ̀. Ọmọkùnrin náà kan ilẹ̀kùn, ó ní aago mẹ́ta ti lù o.

“My pikin, small time,” ni Alága wí, ohùn rẹ̀ kún fún ìfẹ́. “Na your matter we dey settle.”

Ọmọkùnrin náà bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi sápò, kò sì wò ó mọ́.

Nígbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn, Alága fúnra rẹ̀ ló wa mọ́tò, èmi náà sì rọ́ra mọ́ wọn lẹ́yìn. Àwọn ọlọ́jà ti kó igbá wọn wá sójú títì gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn ní ìrọ̀lẹ́, mọ́tò wa sì ń rìn bí ìgbín. Alága ń tẹ fèrè, ó ń bẹ àwọn èèyàn, ó ń làágùn. Nígbà tí a dé ọ́fíìsì, akọ̀wé ti ń ti géètì. Aṣojú ti lọ. Alága bẹ̀bẹ̀, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú agbádá rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ló gbé e dìde, tó gbọn eruku kúrò lórúnkún rẹ̀.

Ó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn lọ́dún yẹn, ó sì gbá a dáadáa. Bó bá jẹ góòlù, kì í sáré lọ síbi tí àwọn alátìlẹ́yìn wà. Á yí padà jẹ́jẹ́ lọ sí àárín pápá. Wọ́n ní ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ló dé Ìbàdàn. Èmi náà ti padà síbẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n mú bàbá náà wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ rẹ̀ sì ní kí n jókòó tì í. Ó dé fìlà, ó na ọrùn síwájú. Ó ní kí n máa sọ ibi tí bọ́ọ̀lù wà fún òun. Mò ń sọ ọ́. Láàárín eré, ó dì mí lápá mú, ó ní òun rí nǹkan funfun kan tó ń sáré, ṣé ọmọ òun nìyẹn?

Aṣọ funfun ni gbogbo ẹgbẹ́ náà wọ̀.

“Òun ni, bàbá,” mo ní.

Mo ti dàgbà báyìí. Ní àdúgbò mi, àwọn ọ̀dọ́ máa ń kóra jọ wo bọ́ọ̀lù òyìnbó lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn á sì jiyàn gidigidi: kí wọ́n ta lágbájá, kí wọ́n má ta á, kò tíì tó lọ, ó ti yẹ kó ti lọ. Wọ́n mọ̀ ọ́n sọ, mo sì máa ń gbádùn rẹ̀. Wọn á ní kí èmi àgbà dá sí i. Èmi a máa wo ògiri tó wà lẹ́yìn wọn, bí ẹni pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tó wọ bàtà tó ń dán, tó ń dúró kí wọ́n parí ọ̀rọ̀.