Kátọ́ọ̀nù Méjì Tó Fẹ́ Gba Fèrè Lẹ́nu Kamarou

Láti ọjọ́bọ̀ tí lẹ́tà kan ti dé láti Kútọnu, Kamarou àbúrò mi ò jókòó. Tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, á fọwọ́ kan àga, á tún jáde. Á lọ dé ojú títì tó lọ sí Parakú, á wo ọkọ̀ méjì mẹ́ta, á padà. Mo ní, "Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé èèrà wà nínú ṣòkòtò ẹ ni?" Kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, torí Kamarou máa ń rẹ́rìn-ín sí èébú mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tó jẹ́ fún yín. Ọmọ ìyá mi ni. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n nígbà tí ìyá wa ń lọ oko iṣu ní Sakin. Iṣẹ́ jórinjórin ló ń ṣe. Ilẹ̀kùn irin tẹ́ ẹ bá rí ní Ṣábẹ níbí, àfàìmọ̀ kó máà jẹ́ òun ló jó o. Ṣùgbọ́n fèrè ló wà lọ́kàn ẹ̀. Afunfèrè bọ́ọ̀lù ni. Orí pápá tó wà lẹ́sẹ̀ òkè níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, níbi tó jẹ́ pé tí bọ́ọ̀lù bá kọjá ìlà, àpáta ló máa dá a padà. Lónìí, tí àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá bá ń gbá a ní Parakú tàbí Kútọnu, òun ni wọ́n ń pè.

Olóòótọ́ burúkú sì ni. Lọ́jọ́ kan ní pápá Adido, ọmọ àbúrò bàbá wa fẹsẹ̀ gbá ẹnì kan lórúnkún, Kamarou lé e jáde. Èmi tí mo gbé oúnjẹ wá fún un, mo wọ pápá pé kí n bá ọmọ náà bẹ̀bẹ̀. Ó lé èmi náà jáde! Ó nawọ́ sí ẹ̀yìn ìlà báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìta." Èmi tí mo nu ìdí ẹ̀! Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mi ò fi bá a sọ̀rọ̀.

Àwọn tó ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, kì í bá wọn mu omi. Tẹ́ ẹ bá bi í pé ta ló máa jẹ lọ́la, ṣe ló máa dìde kúrò lọ́dọ̀ yín.

Irú ẹni yẹn ni àwọn aláṣẹ bọ́ọ̀lù kọ lẹ́tà pè wá sí Kútọnu, pé ó gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ ìṣẹ́gun ni kó wá sọ tẹnu ẹ̀. Tí kò bá rí nǹkan gidi sọ, wọ́n á gba fèrè lọ́wọ́ ẹ̀ títí láé.

Láàárọ̀ ọjọ́ àìkú, mo ní, "Èmi ò mọ̀wé, kà á fún mi kí n gbọ́."

Ó ń kà á, ó ń rìn kiri inú ṣọ́ọ̀bù. "Wọ́n ní ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Landry sanwó kí n lè yọ kátọ́ọ̀nù méjì kí ìdajì eré tó pé."

"Kátọ́ọ̀nù kí ni?"

"Páálí kékeré tí mo máa ń yọ lápò síwájú ọmọ bọ́ọ̀lù tó bá ṣẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Kátọ́ọ̀nù là ń pè é. Wọ́n ní òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ta tẹ́tẹ́ sórí ẹ̀, wọ́n sì jẹ owó ńlá. Wọ́n ní ọ̀dọ̀ ẹ̀yin ló ti sanwó ọ̀hún."

Mo ní, "Landry? Tó gun alùpùpù, tó wọ ẹ̀wù funfun?"

Kamarou dúró gbagidi. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa dúró nìyẹn láti ọjọ́bọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ọṣẹ ni mò ń tà, kátọ́ọ̀nù kátọ́ọ̀nù. Lọ́jọ́ tí Kamarou lọ fun fèrè ní Parakú, ọmọkùnrin yìí gun alùpùpù dé, ó ní Landry lòun.

"Ẹ káàsán, màmá. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n Kamarou?"

"Èmi ni. Kò sí ńlé."

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi sọ fún un: kátọ́ọ̀nù méjì, kó tó di ààbọ̀."

"Ààbọ̀ aago mélòó?"

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ilẹ̀kùn mú. "Màmá, ẹ mà gbọ́n o!" Mo rò pé Kamarou ló ní kó wá rajà lọ́dọ̀ mi. Ó kó owó lé mi lọ́wọ́. Ó ju owó ọṣẹ lọ. Mo ní èyí tó kù ńkọ́? Ó ní kí n fi mu omi.

Bí mo ṣe ń tajà nìyí, torí mi ò mọ̀wé kọ: tẹ́ ẹ bá sanwó tẹ́ ẹ ò tíì gbé ẹrù, mo máa fi èédú fa ìlà sí etí kátọ́ọ̀nù, mo máa ya etí yẹn sí méjì, mo máa fún yín ní apá kan. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá padà, a ó fi apá kan kan apá kejì. Mo ya ti Landry fún un. Ó wò ó, ó ṣẹ́jú sí mi, ó fi í sápò. Mo ní ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́.

Mo pe Kamarou lórí tẹlifóònù. "Ẹnì kan ti sanwó kátọ́ọ̀nù méjì o. Ó ní kó tó di ààbọ̀." Inú ọkọ̀ ló wà, atẹ́gùn ń pariwo. Ó ní, "Ó dáa, ẹ gbà á." Òun náà rò pé ọṣẹ ni. Nígbà tó dórí pápá, àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù ń fẹsẹ̀ gé ara wọn bí ẹni ń gé ẹ̀ka kajú, ó sì yọ páálí ẹ̀ fún ẹni méjì kí ìdajì eré tó pé. Ó tọ́ sí wọn.

Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, Kamarou di orí mú. "Ẹ gba owó lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ ò mọ̀!"

"Oníṣòwò ni mí! Ṣé kí n máa bi oníbàárà pé ta ni bàbá ẹ?"

"Ẹ ti pa mí, ẹ̀gbọ́n."

"Mi ò tíì pa ẹ́. Jókòó." Kò jókòó.

Mo wọ yàrá ẹ̀yìn. Kátọ́ọ̀nù méjèèjì wà ńbẹ̀, eruku ti bò wọ́n. Landry ò wá gbé wọn rí.

Nígbà tó di ọjọ́ ìṣẹ́gun, mo gbé èyí tí mo ya etí ẹ̀ lé itan nínú ọkọ̀. Kamarou ò fẹ́ kí n tẹ̀ lé òun. Mo ní, "Adido lo ti lé mi jáde. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe pápá ẹ." Ó ń gbọn orúnkún láti Ṣábẹ dé Kútọnu, títí kátọ́ọ̀nù mi fi ń jó lórí itan mi.

Ọkùnrin mẹ́ta àti obìnrin kan ló jókòó láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Obìnrin yẹn, Màdáàmù Brigitte, lolórí wọn. Ọmọ Kétu ni, ó gbọ́ èdè wa. Ó mú nǹkan kan jáde nínú láílọ́ọ̀nù. Etí kátọ́ọ̀nù mi ni, pẹ̀lú èédú lára ẹ̀! Ó ní àpò Landry ni wọ́n ti bá a. Landry ti ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ pé Kamarou ti gbà, àmì rèé.

"Màmá, kí lẹ máa sọ sí àdéhùn yín yìí?"

"Àdéhùn kẹ̀? Àmì ọṣẹ mi nìyẹn!" Mo gbé kátọ́ọ̀nù lé tábìlì. "Ẹ fi kàn án."

Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin ní ẹnikẹ́ni lè ya páálí.

"Ẹ fi kàn án ná, bàbá."

Màdáàmù fi kàn án. Èédú pàdé èédú. Orúkọ ọṣẹ tó ya sí méjì parapọ̀. Màdáàmù wá ní, "Màmá, nígbà tó ní kó tó di ààbọ̀, kí lẹ rò?"

"Mo rò pé aago mẹ́rin ààbọ̀ ni. Mo tiẹ̀ ń bú u pé kò dé."

Ọkùnrin tó ń jiyàn fọwọ́ bo ẹnu, èjìká ẹ̀ ń mì. Mo jọ̀wọ́ owó Landry fún wọn. Wọ́n ní Kamarou lè máa fun fèrè ẹ̀ lọ.

Ẹ rò pé ó tán? Ní báyìí, kí n tó gbowó, mo máa ń bi oníbàárà pé, "Ọṣẹ ni àbí bọ́ọ̀lù?" Gbogbo Ṣábẹ ló gbọ́. Lọ́jọ́ tí Kamarou padà sórí pápá ẹsẹ̀ òkè wa, wọ́n ń pariwo sí òun àtèmi: "Kátọ́ọ̀nù méjì! Ìyá Moufidatou, ọṣẹ wa dà?"

Ó ti yọ páálí lẹ́ẹ̀kan. Ìdajì eré ò tíì pé. Ni ọmọkùnrin kan bá gé ẹnì kejì lọ́rùn ẹsẹ̀, gbogbo wa la rí i. Kamarou sáré débẹ̀, ó tọwọ́ bọ àpò. Ọwọ́ ẹ̀ ò jáde mọ́.

Mo mọ ohun tó ń rò. Ìkejì nìyẹn, kó tó di ààbọ̀. Àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti gbé mi kọjá ìlà.

"Kamarou! Ṣó ò rí i ni? Yọ ọ́ fún un!"

Ó yíjú wò mí. Ó yọ páálí, ó nà án sókè kí gbogbo ayé rí i. Ó wá na ọwọ́ yẹn kan náà sí ẹ̀yìn ìlà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìta."

Mo jáde, mo ń bú u lọ. Mi ò sì jókòó títí ó fi fun fèrè ìparí.