Màmá mi ló mọ ohun tó ń mú ọkọ̀ mi gbóná

Màmá mi tí kò wakọ̀ rí láyé wọn ló dójú ti èmi ẹnjiníà lónìí!

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ẹ́ńjìnnì ògbólógbòó ọkọ̀ mi ti ń gbóná. Mo pààrọ̀ omi, mo pààrọ̀ radiétọ̀, pàbó. Mẹkáníìkì mi ní Soweto ní ká tú ẹ́ńjìnnì, ibẹ̀ lèmi àti Màmá ń lọ láàárọ̀ yìí.

Lójú ọ̀nà márosẹ̀, kò gbóná rárá. Àfi bí iná pupa ṣe dá wa dúró ní robot, iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó, ooru ẹ́ńjìnnì bá tún dé.

Màmá ń fi ìwé ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ atẹ́gùn sára. Wọ́n ní, "Délé, tá a bá ń sáré, atẹ́gùn ń fẹ́ sí ẹ́ńjìnnì yìí. Tá a bá dúró ńkọ́, ta ló ń fẹ́ atẹ́gùn sí i?"

"Màmá, ó ní fáànù tiẹ̀ níwájú."

"Ṣé o ti gbọ́ ohùn ẹ̀ látàárọ̀?"

Eish.

Mo páàkì, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹ́ńjìnnì gbóná janjan, fáànù dúró gbagidi. Wáyà ẹ̀ ti já! Mo so ó, fáànù gbéra, ó ń pariwo.

Màmá kàn ní, "Ẹn-hẹ́n."

Ẹ̀yin tá a jọ kàwé ẹnjiníà, ta ló máa kọ́kọ́ wá dọ̀bálẹ̀ fún wọn?