Ihò Mẹ́rin Lára Píkọ́ọ̀pù Mi

Ẹ gbà mí o, ọkàn mi ò tíì balẹ̀ láti ọ̀sán.

Mo ra ìbòrí onífèrèsé àlòkù fún ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mi, torí ibẹ̀ ni ìyàwó mi àtàwọn ọmọ máa jókòó sí tá a bá ń lọ sílé ní Ìlọrin lọ́la.

Mùtíù fítà, tó máa ń bá mi tún ọkọ̀ ṣe ní Santasi lájò níbí, ló ń bá mi dè é. Bó ṣe fẹ́ lu ihò báyìí, ó rí ihò mẹ́rin tí wọ́n ti dí lára ọkọ̀ mi.

"Àlájì, hwɛ! Ẹ wò ó, ihò ara ìbòrí yìí àti tọkọ̀ yín bára mu. Orí ọkọ̀ yìí gan-an ni wọ́n ti tú ìbòrí yìí."

Mo ní irọ́ ni. Lámídì tó ta ọkọ̀ náà fún mi fi Kùránì búra pé ọkọ̀ náà ò ní ìbòrí rí, kò sì gbókìtì rí. Ọmọ Ìlọrin bíi tèmi ni, sáàfù kan náà la jọ ń dúró sí kírun ní mọ́ṣáláṣí Sawaba. Mi ò tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ nígbà tí mo rà á.

Mùtíù mú ọ̀bẹ. Ó ha ọ̀dà orí ìbòrí náà. Òrùlé ẹ̀ ti wó wọnú bíi ti ọkọ̀ tó gbókìtì, pọ́tì tí wọ́n fi ń dí ara ọkọ̀ ni wọ́n fi tún un ṣe.

Mo sáré lọ bá Lámídì. Kò jiyàn pé ọkọ̀ náà gbókìtì. Ó kàn rọra bi mí pé, "Àlájì, àwọn wo lẹ fẹ́ kó sẹ́yìn ẹ̀?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ̀yin á gbéra lọ́la?