Àmín Àràárọ̀

Bí ẹ bá rí Fèyísọ́lá lónìí níwájú ilé rẹ̀ ní Ẹdẹ, níbi tó ti ń rán aṣọ ọmọ iléèwé lórí máṣìn ẹlẹ́sẹ̀, tí ẹ sì kí i pé ẹ kú iṣẹ́, á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn lẹ ń kí. Lẹ́yìn náà ni yóò tó dáhùn. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò mọ̀ sí aláwàdà tẹ́lẹ̀ ni o. Bó bá rẹ́rìn-ín nínú ilé, ará ọ̀nà á bá a rín in láìmọ ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín. Ẹ wá gbọ́ bí ẹ̀rín náà ṣe lọ.

Ẹdẹ ni wọ́n bí i sí, inú ìjọ Áńgílíkà ló dàgbà sí. Ó kọ́ṣẹ́ ìránṣọ, ó gba fírídọ́ọ̀mù, ó sì ríṣẹ́ sí ilé ìránṣọ kan tó ń rán yunifọ́ọ̀mù fún iléèwé láti Ẹdẹ títí dé ìlú Awo àti Ara. Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá tó ni ibẹ̀, Ìbàdàn ló ń gbé. Obìnrin kan tí gbogbo wọn ń pè ní Màmá Mary ló fi ṣe ọ̀gá lé àwọn obìnrin tó ń ránṣọ lórí. Ọkọ Fèyísọ́lá ti kú, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, Ìyanuolúwa, ló fi sílẹ̀ fún un. Síbẹ̀ kò bẹ̀rù ayé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dá a lójú. Ó máa ń sọ pé, "Ẹnu lè purọ́. Aṣọ tí mo bá rán ò lè purọ́."

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Olúmúyìwá wá wò wọ́n, tó gbé ṣẹ́ẹ̀tì kan sókè, tó ń wo kọ́là rẹ̀.

"Ta ló rán èyí? Fèyísọ́lá? Màmá Mary, tí ẹ bá fẹ́ lọ sinmi, ẹni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ yín nìyí."

Ó rẹ́rìn-ín, ó wọ mọ́tò, ó bá tirẹ̀ lọ. Àwọn àgbà ní bí iṣu ẹni bá ta, à á fọwọ́ bò ó jẹ ni. Fèyísọ́lá fọwọ́ bo tirẹ̀ o, ọ̀gá aláriwo yìí ló bá a ṣí i síta.

Níbi iṣẹ́ yìí, kí ẹnikẹ́ni tó tẹ máṣìn láàárọ̀, wọ́n á di ara wọn lọ́wọ́ mú yí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ ká. Màmá Mary á gbàdúrà, àwọn yòókù á ṣe àmín. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì ìbẹ̀wò ọ̀gá, àdúrà yí padà.

"Bàbá, ẹni tó wà láàárín wa tó ń fi ẹ̀rín bo ìkà mọ́lẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ ń lé oníbàárà, má jẹ́ kó sinmi!"

"Àmín!"

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó kàn la ojú díẹ̀, ó wo ọ̀kánkán Fèyísọ́lá, ó sì dijú padà. Gbogbo wọn ló rí i, nítorí gbogbo wọn ló ń yọjú wò.

Kí ni kéèyàn ṣe? Ẹni tí kò bá ṣe àmín sírú àdúrà bẹ́ẹ̀, wọ́n á ní òun gan-an ni. Nítorí náà Fèyísọ́lá ṣe àmín, òun ló tiẹ̀ ń ṣe é kíkankíkan jù. Láràárọ̀, ó ń fẹnu ara rẹ̀ fa èpè sórí ara rẹ̀. Inú ń bí èèyàn láti sọ ọ́. Ìkà tí wọ́n bá fi orúkọ Ọlọ́run wé, ta ló fẹ́ ṣí i wò?

Bó bá ní "Ẹ káàárọ̀ o," wọn kì í dá a lóhùn mọ́. Wọ́n gbé máṣìn rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìyàgbẹ́. Wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gúrúùpù Wásáàpù, tí wọ́n bá sì yí àsìkò iṣẹ́ padà, òun nìkan ni kì í gbọ́, wọ́n á tún bú u pé ó pẹ́. Bó bá rán aṣọ tán, Màmá Mary á yí i síhìn-ín, á yí i sọ́hùn-ún.

"Tú u."

"Màmá, kí ló ṣe é?"

"Ìwọ ò rí i ni? Tú u."

Kò jẹ́ sọ ohun tó ṣe aṣọ. Fèyísọ́lá á mú bíléèdì, á máa já òwú náà níkọ̀ọ̀kan, gbogbo máṣìn á sì dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ọ. Ọpẹ́yẹmí, ọmọbìnrin kan níbi iṣẹ́ tí òun àti Fèyísọ́lá ti jọ ń jẹun nínú abọ́ kan náà tẹ́lẹ̀, gbé abọ́ tirẹ̀ lọ síbòmíràn. Kò kórìíra rẹ̀. Ẹ̀rù ló ń bà á kí àdúrà má lọ yí wá bá òun.

Ohùn náà tẹ̀ lé Fèyísọ́lá délé. Bó ń se ìrẹsì, á gbọ́ "Tú u" lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Ìyanuolúwa bọ́ aṣọ rẹ̀ sórí àga, ó lọ pọn omi. Kó tó padà wọlé, ìyá rẹ̀ ti já apá aṣọ náà méjèèjì kúrò.

"Mọ́mì, kí ni aṣọ mi ṣe?"

Fèyísọ́lá wo aṣọ, ó wo bíléèdì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Kò dáa," ló sọ. Aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún ọdún Àjíǹde ni.

Kò pẹ́ sígbà náà, wọ́n dé ibi iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn máṣìn oníná ò ṣiṣẹ́ mọ́, gbogbo yàrá ń rùn bíi rọ́bà tó jóná. Ta ló jáde kẹ́yìn lánàá? Fèyísọ́lá ni, nítorí Màmá Mary ló ní kó dúró fi áyọ́ọ̀nù lọ gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀. Wọ́n ń pè é lólè, ó wá dà bí ẹni tó tún ń gbé ọmọ ẹran jó. Màmá Mary kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, wọ́n di ọwọ́ mú yí tábìlì ká.

"Ẹni tó bá mọ ara rẹ̀, kó tètè jẹ́wọ́ kí iná Ọlọ́run tó jó o!"

Ebi ń pa Fèyísọ́lá. Ó rántí pé òun pa áyọ́ọ̀nù. Àbí òun ò pa á? Ó wo ọ̀pọ̀ èèyàn tó ti ń ṣe àmín látọjọ́ yìí. Ṣé gbogbo wọn ló lè ṣi èèyàn mọ̀? Òun fúnra rẹ̀ kúkú ti ṣe àmín. Ó já ọwọ́ rẹ̀ gbà, ó bọ́ síwájú.

"Èmi ni," ó wí. "Mi ò mọ ìgbà tí mo ń ṣe é, ṣùgbọ́n èmi ni."

Kò sẹ́ni tó ṣe àmín. Màmá Mary, tó jẹ́ òun ló jókòó hun ọ̀rọ̀ náà látìbẹ̀rẹ̀, fà sẹ́yìn títí tó fi kan ògiri.

"Kí... kí lo ṣe?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi."

Màmá Mary gbójú kúrò lára rẹ̀. Fèyísọ́lá mú sísọ́ọ̀sì rẹ̀, ó gba ilé lọ, kò sì padà síbẹ̀ mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, Ọpẹ́yẹmí wá sílé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ máṣìn ẹlẹ́sẹ̀ náà ló kúnlẹ̀ sí.

"Àǹtí Fèyí, oníṣẹ́ iná ti wá o. Eku ló jẹ wáyà nínú àjà. Kì í ṣe ẹ̀yin. Màmá Mary náà wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́. Láti ọjọ́ yẹn, Àdúrà Olúwa nìkan ló ń kà fún wa."

Fèyísọ́lá fọwọ́ dá táyà máṣìn dúró. Ó tẹjú mọ́ ọmọbìnrin náà.

"Ọpẹ́yẹmí, wò mí dáadáa. Ṣé ó dá ọ lójú pé kì í ṣe èmi?"

Ọpẹ́yẹmí la ẹnu. Ó rántí abọ́ oúnjẹ tó gbé sá, ó rántí bí òun náà ṣe ń ṣe àmín láràárọ̀. Ìtìjú bò ó, ó bú sẹ́kún.

Fèyísọ́lá dúró dè é títí. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó mi orí bí ẹni tó gba ìdájọ́.

"Àmín," ó wí, ó sì na ọwọ́ sí bíléèdì láti tú aṣọ tó wà lórí máṣìn.